Ọkọ̀ ń fà sí ọ̀tún, táyà iwájú ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú: kí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ mi ń fà sí ọ̀tún. Tí mo bá dẹwọ́ lára sítíárìn lójú ọ̀nà tó gún, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ díẹ̀díẹ̀ títí màá fi dá a padà. Nígbà tí mo yí sítíárìn dópin kí n lè rí ojú táyà dáadáa, mo rí i pé táyà iwájú ọ̀tún ti jẹ gan-an ní ẹ̀gbẹ́ inú, ẹ̀gbẹ́ ìta sì ṣì ní ilà. Ti òsì náà ti ń jẹ inú, àmọ́ kò tó ìyẹn rárá. Ẹnìkan ní àláìnímẹ́ǹtì ni, ìyẹn bí wọ́n ṣe to táyà kó kọjú síbi tó yẹ, ẹlòmíì ní kí n sáà ra táyà tuntun méjì. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára torí inú ọkọ̀ yìí ni mò ń kó àwọn ọmọ sí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Gáréèjì

Ẹ má tíì ra táyà o, ẹ má sì tíì gbé e lọ síbi àláìnímẹ́ǹtì. Tí nǹkan kan bá ti já tàbí tó ti ń mì lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, àláìnímẹ́ǹtì tí wọ́n bá ṣe kò ní dúró. Wọ́n á ṣe é tán, ẹ̀rọ á ní ó pé, ẹ ó sì kó sí kòtò kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Táyà tuntun tí ẹ bá rà á sì jẹ bí èyí ṣe jẹ.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, tàbí kí ó ti dúró fún wákàtí 3 ó kéré tán, torí géèjì máa ń ka iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tí táyà bá gbóná. Iye tí ọkọ̀ yín ń fẹ́ wà lára sítíkà etí ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà o. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà fúnra ẹ̀ lè gbà, kò kan ohun tí ọkọ̀ yín ń fẹ́, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń fi nọ́ńbà yẹn fọn afẹ́fẹ́ sí táyà. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀tún bá kéré sí ti òsì, ọkọ̀ á máa fà sí ọ̀tún, torí táyà tó rọ̀ kì í yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìkejì ẹ̀.

Alátáyà

Ọ̀gá ti parí ti afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka ojú táyà.

Tó bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí àárín sì ga, afẹ́fẹ́ ti kéré fún ìgbà pípẹ́. Tó bá jẹ́ àárín nìkan ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Èyí tó jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń da èèyàn láàmú, torí ohun méjì ló lè fà á, ojú nìkan kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọwọ́ ló máa yà wọ́n.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà láti ìta wọ inú, kí ẹ tún pa á láti inú bọ̀ síta. Ẹ rọra ṣe é, torí tó bá ti jẹ dé wáyà, wáyà yẹn lè gé yín lọ́wọ́. Tó bá dán nígbà tí ọwọ́ ń lọ sí ọ̀nà kan, tó sì ń ha yín bí eyín ayùn ní ọ̀nà kejì, toe nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní toe ni bí iwájú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra wọn tàbí bí wọ́n ṣe ya síta, tí a bá wò wọ́n láti òkè. Tí etí tó mú yẹn bá kọjú sí inú ọkọ̀, táyà méjèèjì ti kọjú síra wọn jù. Tó bá kọjú síta, wọ́n ti ya síta jù, èyí tó yà síta yìí ló sì máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú.

Àmọ́ tí ẹ̀gbẹ́ inú bá jẹ, tó sì dán, tí kò ha ọwọ́ lọ́nà kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ camber: orí táyà ti tẹ̀ wọ inú jù, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló wá ń ru ìwúwo.

Tí ẹ bá rí kòtò-kòtò yí ojú táyà ká, tó ń pariwo lójú ọ̀nà, ẹ wo ṣọ́kì (tó ń dín ìfò ọkọ̀ kù) àti bálánsìn (bí ìwúwo táyà ṣe dọ́gba yíká). Ojú kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bíréèkì àtẹ̀lójijì ló máa ń fà á, níbi tí táyà ti wọ́ nílẹ̀ tí kò yí.

Ẹ yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò o. Táyà ẹ̀yìn tó jẹ lódìlódì máa ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wọ́, tí gbogbo èèyàn á sì máa tú iwájú.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ìdánwò kan wà tí kò ná yín ju jáàkì àti sípánà lọ, kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun. Ẹ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì: ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Ẹ wá wà á lójú ọ̀nà kan náà.

Tí ọkọ̀ bá wá ń fà sí òsì báyìí, táyà ló ń fà á. Bí wọ́n ṣe to wáyà inú táyà kan lè yẹ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tàbí kó yẹ̀ níbi tó ti ń jẹ, táyà bẹ́ẹ̀ á sì máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ti wù kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé tó. Àláìnímẹ́ǹtì kò lè wo èyí sàn. Tó bá ṣì ń fà sí ọ̀tún bíi tẹ́lẹ̀, ẹ fi táyà sílẹ̀, ara ọkọ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Táyà mìíràn ní ọfà lára tó ń sọ ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ẹ lè fi irú ẹ̀ dán an wò fún ìrìn kúkurú lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà kó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n máa ń jẹ́ kó dagun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè ṣàn. Ọkọ̀ tó dáa pátápátá á rọra máa tọ ibi tó dagun sí. Nítorí náà, ẹ wá ilẹ̀ fífẹ̀ tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, kí ẹ wà á lọ, kí ẹ wà á bọ̀. Ẹ má sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára sítíárìn, ẹ kàn dẹ ìka ni.

Ìyá Awakọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì bi í pé ìgbà wo ló ń fà. Ṣé gbogbo ìgbà ni? Ṣé ìgbà tó bá tẹ bíréèkì? Àbí ìgbà tó bá fún un ní iná? Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ iwájú lè fà nígbà tí a bá tẹ ẹ́ gan-an, torí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ọ̀tún àti òsì kì í gùn dọ́gba nínú ọkọ̀ púpọ̀. Ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn. Èyí tó bá fà nígbà bíréèkì ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi jáfara.

Ọmọ mi, wa ọkọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí o sì jẹ́ kó dúró fúnra ẹ̀ ní ìparí. Sọ̀kalẹ̀, kí o gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan. Má fọwọ́ kàn án o, ó lè bó ẹ lọ́wọ́. Tí ooru ọ̀tún bá ju ti òsì lọ gan-an, bíréèkì yẹn kò tú táyà sílẹ̀, òun ló ń fa ọkọ̀ sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Kálípà, ìyẹn irin tó ń fún bíréèkì mú, lè ti dógùn-ún. Hóòsì bíréèkì náà lè ti wú nínú, tí á jẹ́ kí epo wọlé nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ àmọ́ tí kò ní jẹ́ kó padà. Tí mẹkáníìkì bá gbé e sókè tí táyà ò yí, kó tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lára kálípà. Tó bá tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, hóòsì ni kó fura sí. Tó bá ṣì le, kálípà gan-an ni.

Ẹnjiníà Kékeré

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ̀gbọ́n Alátáyà, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ camber, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ọkọ̀ máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ tí orí táyà bá ti tẹ̀ síta jù. Tí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì bá ti tó bí ìdajì dígírì, ó ti lè tó láti fà á. Táyà ọ̀tún tí orí rẹ̀ tẹ̀ wọ inú, tó wá ń jẹ inú, òsì ló yẹ kó máa ti ọkọ̀ sí. Ẹni tó béèrè yìí ní ọ̀tún ló ń fà sí, ọ̀tún náà ló sì ń jẹ inú. Àwọn méjèèjì kò bára wọn mu tó bá jẹ́ camber nìkan. Tí mẹkáníìkì bá kàn sọ pé “camber ni” láìwò ó, ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi fà sí òsì.

Ohun tó lè ṣe méjèèjì pọ̀ ni kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti sún sẹ́yìn. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ìtẹ̀sẹ́yìn yẹn ni wọ́n ń pè ní caster, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn máa fẹ́ dá ara ẹ̀ padà sí àárín. Ẹ̀gbẹ́ tí caster rẹ̀ bá kéré ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Lower arm tó di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mú ní bọ́ṣì rọ́bà méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tí ti ẹ̀yìn bá ya, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ á máa sún sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, àgàgà tí a bá tẹ bíréèkì. Caster á dín kù ní ọ̀tún, toe náà á sì máa yí kiri. Lórí ẹ̀rọ, níbi tí ọkọ̀ ti dúró jẹ́ẹ́, gbogbo ẹ̀ lè dà bíi pé ó pé.

Mi ò tíì rí ọkọ̀ yẹn o, àmọ́ bọ́ṣì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ wò tó bá jẹ́ tèmi.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Màmá, ẹ ṣé o. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Afẹ́fẹ́ méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì bá sítíkà mu. Ojú táyà ọ̀tún ń ha mí lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ń ti ìta bọ̀ wá sí inú, ó sì dán tí mo bá ń ti inú lọ síta, ẹ̀gbẹ́ inú ló burú jù. A pààrọ̀ táyà iwájú, ó ṣì ń fà sí ọ̀tún bíi tẹ́lẹ̀. Ooru ríìmù kò ní ìyàtọ̀ tó hàn. Ohun tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀ ni pé tí mo bá tẹ bíréèkì, fífà yẹn máa ń pọ̀ sí i, tí mo bá sì dẹ bíréèkì, nǹkan kan máa ń dún “kó” lábẹ́ ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú, tàbí tí mo bá gun nǹkan tó ga lójú ọ̀nà.

Alátáyà

Tó bá ń ha yín nígbà tí ọwọ́ ń ti ìta bọ̀ wá sí inú, etí tó mú yẹn kọjú síta nìyẹn. Táyà ti ya síta.

Ọ̀gá Gáréèjì

Ìró “kó” tó ń dún yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀. Mo fara mọ́ ohun tí Ẹnjiníà sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ohunkóhun kí wọ́n tó fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé iwájú sókè, kí wọ́n sì fi sítáńdì gbè é. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí ẹnìkan di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó máa mì ín. Tó bá ń jó, béárìnì (èyí tí táyà ń yí lórí ẹ̀) tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so lower arm mọ́ ẹsẹ̀) ni, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á rí èyí tó ń mì nínú méjèèjì. Kó tún di í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ti ń jó, orí táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi irin gígùn kan wọ ẹ̀gbẹ́ bọ́ṣì ẹ̀yìn lower arm, kí wọ́n rọra tì í síwájú sẹ́yìn. Bọ́ṣì tó dáa á fún padà ní ìwọ̀nba. Èyí tó ti ya á ṣí, ẹ ó rí àyè láàárín rọ́bà àti irin. Kí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ti òsì náà, kí wọ́n tì í bákan náà kí ẹ lè fi wé ara wọn.

Kí wọ́n tún wọn gíga ọkọ̀ láti àárín ríìmù dé etí bọ́dì lókè, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀, sípíríǹgì ti rọ̀ tàbí ó ti kán.

Olùbéèrè

Ó yé mi, sà. Wọ́n ti gbé e sókè. Béárìnì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù kò mì. Nígbà tí ó fi irin kan bọ́ṣì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, mo rí i tí rọ́bà yà kúrò lára irin yíká bí ìlàjì, lower arm náà sì ń sún síwájú sẹ́yìn. Ti òsì ti sán díẹ̀ lójú rọ́bà àmọ́ kò tíì já. Ó ní òun lè pààrọ̀ ọ̀tún nìkan. Ṣé kí n gbà?

Ẹnjiníà Kékeré

Ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ìrìn kan náà ni wọ́n jọ rìn, ti òsì ti ń já lọ. Tí ẹ bá ṣe ọ̀tún nìkan, ẹ ó san owó àláìnímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òsì bá dé ibẹ̀.

Ọ̀gá Gáréèjì

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wọ́n fún, torí àwọn tó ń kánjú máa ń fò ó. Kí wọ́n má ṣe fún bọ́ótù bọ́ṣì náà le nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n kàn dè é mọ́ra, kí ìwúwo ọkọ̀ padà sórí táyà, kí wọ́n tó wá fún un le tán. Rọ́bà yẹn so mọ́ irin nínú àti lóde. Tí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, á tún ya láìpẹ́, òun fúnra ẹ̀ sì lè máa fa ọkọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni àláìnímẹ́ǹtì tó kàn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n ṣe, kì í ṣe iwájú nìkan, kí wọ́n sì tẹ ìwé tó ní iye ìṣáájú àti iye ìkẹyìn jáde fún yín. Ẹ wo caster àti camber ọ̀tún àti òsì lórí ìwé yẹn. Tí wọ́n bá sọ pé toe nìkan làwọn tún ṣe, tí caster ọ̀tún ṣì yàtọ̀ gan-an sí ti òsì, ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Ìyá Awakọ̀

Kí wọ́n di sítíárìn mú ní àárín kí wọ́n tó ṣe toe o. Ọkọ̀ kan lè máa lọ tààrà tí sítíárìn rẹ̀ sì wọ́, iṣẹ́ tí wọn ò parí ni. Tó bá tún jẹ́ pé iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ibi tí sítíárìn wà, wọ́n ní láti fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé àárín nìyí.

Olùbéèrè

Wọ́n ti ṣe é tán bí ẹ ṣe wí, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi sọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún bọ́ótù. Caster ọ̀tún kéré gan-an lórí ìwé ìṣáájú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti òsì báyìí. Ọkọ̀ ń lọ tààrà, bíréèkì kò fà á mọ́, kò sì dún. Ó ku táyà. Ṣé mo ṣì lè lo èyí tó jẹ yẹn, kí n yí i sẹ́yìn?

Alátáyà

Inú mi dùn sí i. Táyà wá kù. Ibi tó jẹ jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wo àárín tó ṣì dára. Nínú ilà ojú táyà, ẹ ó rí àwọn rọ́bà kéékèèké tó ga díẹ̀ nísàlẹ̀ ilà. Ilà tó ku 1.6 mm ni wọ́n ń fi hàn. Tí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba níbikíbi, táyà ti parí, iye yìí náà sì ni òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi lélẹ̀. Tí ẹ bá rí okùn tàbí wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú yẹn, ẹ má tún fi rìn, ì báà ṣe sẹ́yìn. Tó bá ṣì ní ilà tó tó, ẹ lè lò ó, àmọ́ á máa kùn lójú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, torí bó ṣe jẹ yẹn kò ní tẹ́ padà.

Ẹ wo ọjọ́ orí wọn náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Tí ẹ bá máa ra méjì, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, ẹ̀yìn sì ni kí ẹ fi tuntun sí, kí ẹ gbé èyí tó dáa nínú ti ẹ̀yìn wá síwájú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi tuntun síwájú torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Àmọ́ tí iwájú bá yọ̀ lórí omi, awakọ̀ ṣì lè dẹ ẹsẹ̀ kó sì rí i dá padà. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sì ní àwọn ọmọ nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn tó bí 80 km, kí wọ́n tún fún nọ́ọ̀tì ríìmù wò. Tó bá wá tó bí 8,000 sí 10,000 km, ẹ máa pààrọ̀ wọn láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa ojú táyà nígbà náà. Tí etí mímú yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fọwọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.